Ọpọ́n Tí Ọwọ́ Mú Dán

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà tí mo ba ọpọ́n ayò bàbá àgbà mi jẹ́. N kò jù ú síná, kò sì bọ́ lọ́wọ́ mi kí ó là. Mo tún un ṣe ni.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Àjàṣẹ́ dé lẹ́yìn ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́, owó oṣù àkọ́kọ́ wà lápò mi, mo sì ń wá ohun tí mo lè fi dá àgbàlagbà náà lọ́lá. Ọpọ́n rẹ̀ ti dúdú bí ìdí ìkòkò, etí rẹ̀ kan ti ṣẹ́, inú àwọn ilé rẹ̀ méjèèjìlá sì ń dán bí ẹni pé a fi òróró pa wọ́n. Lójú mi nígbà náà, ìdọ̀tí ọdún gbọọrọ ni dúdú yẹn. Mo ra papier verre àti agolo vernis kan ní ọjà Kétu. Láti òwúrọ̀ Sátidé títí oòrùn fi yẹ̀ ni mo fi ha ojú ọpọ́n náà, títí igi fi funfun báláú bí ẹni pé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n gbẹ́ ẹ. Mo kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí ó gbẹ, ó ń dán gbinrin.

Bàbá àgbà jókòó tì í. Ó na ọwọ́ ọ̀tún, ó fi ìka wá inú ilé àkọ́kọ́, ó wá inú èkejì, ó wá inú ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn náà ni ó gbé ojú sókè, tí ó ní: «Ọpọ́n ta nìyí?»

Kò bá mi jà. Ó tilẹ̀ dúpẹ́, ó sì súre fún mi. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti ń ṣú ní àkókò yẹn, ìka ni ó fi ń ríran lórí ọpọ́n. Ó mọ ilé tí ó jìn ju èkejì lọ, ó mọ ibi tí etí ihò kan ti fẹ́lẹ́ nítorí pé ibẹ̀ ni ọmọ ayò ti ń gòkè jáde láti ìgbà èwe rẹ̀. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo, mo ti pa ohun tí ọwọ́ ìran méjì kọ síbẹ̀ rẹ́. Ohun tí ó mú mi kọ àpilẹ̀kọ yìí nìyẹn. Ẹ̀yin òǹkàwé wa ni mo ń bá sọ̀rọ̀, pàápàá ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ní ọpọ́n àtijọ́ nílé tí ẹ sì rò pé ọ̀dà ni yóò gbà á là.

N kò ní pẹ́ lórí eré náà fúnra rẹ̀. Ta ni ọmọ ìlẹ̀ Kétu tí kò tíì gbẹ́ ihò méjìlá sílẹ̀ rí, kí ó fi òkúta wẹ́wẹ́ ta ayò? Ilé mẹ́fà níhà ọ̀hún, mẹ́fà níhà ìhín, ọmọ ayò 48, mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Àwọn Fọ̀n ń pè é ní adji, ìwé Faransé ń pè é ní awalé. Àwọn tí a kó lẹ́rú láti etíkun wa gbé e kọjá òkun dé Suriname, orúkọ adji-boto tí wọ́n fún un lọ́hùn-ún sì ń sọ ibi tí ó ti wá. Ní ọdún 2002, John Romein àti Henri Bal ní Amsterdam fi kọ̀ǹpútà yẹ gbogbo ipò tí ọmọ ayò lè wà lórí ọpọ́n wò, ó jẹ́ 889,063,398,406. Wọ́n rí i pé bí àwọn méjì tí ń ta á kò bá ṣìṣe rárá, ọ̀mì ni yóò já sí. Nígbà tí mo sọ èyí fún àwọn ọ̀ta abẹ́ igi ọ̀dán wa, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní òun ti mọ̀ ọ́n tipẹ́: òpè ni kì í jẹ́ kí ó já sí ọ̀mì.

Ní ìsinmi gígùn tó kọjá, ìdílé kan ládùúgbò wa ní Idigny gbé ọpọ́n kan tọ̀ mí wá. Igi ọ̀mọ̀ ni, igi tí àwọn agbẹ́gilére fẹ́ràn fún ìlù àti ère. Ó ti wà lórí àjà fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn ikú ẹni tó ni ín. Eruku pupa bò ó, ọ̀rá ti dì pọ̀ mọ́ ìdọ̀tí nínú ilé mẹ́ta, ẹ̀là kan gba orí rẹ̀ kan, ihò tíntìntín sì wà lábẹ́ rẹ̀ tí ìyẹ̀fun funfun ń dà jáde nínú wọn. Àwọn ọ̀dọ́ ilé náà fẹ́ kùn ún ní àwọ̀ àsíá Benin. Ọkùnrin kan tí ń ra ohun àtijọ́ kiri ti yà lọ́dọ̀ wọn lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dárúkọ owó tí ó tó ra alùpùpù àlòkù. Ìyá wọn kò fẹ́ ọ̀dà, kò sì fẹ́ owó náà. Ó ní kí olùkọ́ bá òun tún un ṣe. Ẹ lè mọ bí ọ̀rọ̀ «tún un ṣe» yẹn ti gún mi tó.

Mo ko akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà jọ, mo sì kọ́kọ́ sọ ìtàn ọpọ́n bàbá àgbà fún wọn. Mo rò pé ìyẹn yóò tó. Kò tó. Ọmọbìnrin kan nínú wọn nawọ́ sókè bí ẹni pé inú kíláàsì ni a wà: «Olùkọ́, ṣebí wọ́n ń kun ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kí ó tó jáde. Èéṣe tí kíkun ọpọ́n fi di èèwọ̀?»

Òótọ́ ni ó sọ. Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kéde ní 2001 pé ogún gbogbo aráyé ni, tí orúkọ rẹ̀ sì wọ ìwé ní 2008, máa ń gba ọ̀dà tuntun. Ta ni yóò gbé ère tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá jáde síwájú àwọn ìyá wa? Ìbéèrè ọmọ náà dá mi dúró, n kò sì tijú láti sọ pé ọjọ́ kejì ni mo tó dá a lóhùn. Ìdáhùn tí mo rí ni pé ojú ni ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà fún, ọwọ́ ni ọpọ́n ayò wà fún. Ọ̀dà jẹ́ apá kan iṣẹ́ tí agbẹ́gilére ṣe sára ère. Ẹni tí ó bá tún un kùn ń bá iṣẹ́ náà lọ ni. Ṣùgbọ́n agbẹ́gi kì í parí ọpọ́n. Àwọn tí ń ta ayò ni ó ń parí rẹ̀, pẹ̀lú òógùn, pẹ̀lú ọ̀rá àtẹ́lẹwọ́, pẹ̀lú èso ayò tí ń yí nínú ihò kan náà ní ìgbà ẹgbàárùn-ún. Bí ẹ bá da ọ̀dà lé irú ojú bẹ́ẹ̀, ẹ kò bá ẹnikẹ́ni tẹ̀síwájú nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ bò ó mọ́lẹ̀ ni.

Ibi tí n kò fọkàn sí ni mo ti rí ẹni tí ó bá mi gbà. Mo ti ka nǹkan nípa àwọn ènìyàn ní Faransé àti ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń tọ́jú flipper àtijọ́. Ẹ̀rọ eré ni flipper, àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Faransé a máa ta á nínú ilé ọtí láyé àwọn òbí wa: àpótí onígíláàsì ńlá tí ó dà sí iwájú ẹni tí ń ta á, tí bọ́ọ̀lù irin kan ń sáré lórí pátákó alápẹẹrẹ nínú rẹ̀, tí iná ń tàn, tí agogo ń dún. Ilé iṣẹ́ Gottlieb ní Chicago ni ó gbé Humpty Dumpty jáde ní 1947, ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tí ó ní àwọn apá kékeré tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù náà padà sókè. Irin àti wáyà pọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú tí bọ́ọ̀lù ń sáré lé lórí, igi ni. Contreplaqué ni, tí a ya àwòrán sí, tí a sì fi nǹkan fẹ́lẹ́ tí ń dán bò. Lẹ́yìn ogójì tàbí àádọ́ta ọdún, bọ́ọ̀lù a ti la ọ̀nà sórí àwòrán náà títí igi yóò fi hàn, gẹ́gẹ́ bí ẹsẹ̀ ti ń la ọ̀nà oko.

Àwọn olùtọ́jú yẹn kì í da omi sí i. Omi a máa gba inú ẹ̀là tí ojú kò rí wọlé, igi a wú, àwòrán a sì ṣí bí èèpo. Eruku ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbọ̀n kúrò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń fi ìda carnauba, tí ó ń wá láti ara ewé ọ̀pẹ kan ní Brazil, pa á fẹ́ẹ́rẹ́. Wọ́n sì ń jiyàn kíkankíkan láàárín ara wọn, àwọn kan ní kí a tún ibi tí ó ti jẹ kùn, àwọn kan ní kí a fi í sílẹ̀ bí ó ti wà. Èmi ń bẹ lẹ́yìn àwọn kejì. Ṣùgbọ́n ohun tí mo mú lọ́dọ̀ wọn jù ni ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Wọ́n ní kí ẹ tó nu pátákó, ẹ yẹ bọ́ọ̀lù wò. Bí ara bọ́ọ̀lù bá ti rí ṣákaṣàka, ayùn ni ẹ ń yí kiri lórí àwòrán, asán sì ni gbogbo ìnùmọ́ yín.

Nítorí náà, ọmọ ayò ni a kọ́kọ́ fọ̀. Ilẹ̀ pupa tí ó ń ba aṣọ funfun wa jẹ́ ní iyanrìn kíkúnná nínú, iyanrìn náà sì le ju igi èyíkéyìí lọ. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ èso ayò, gbogbo ìgbà tí èso náà bá yí nínú ihò ni ó ń ṣe iṣẹ́ papier verre, díẹ̀díẹ̀, láìsí ẹni tí ó mọ̀. Ohun tí mo ṣe ní ọjọ́ kan, eruku a máa fi ogún ọdún ṣe é. A ka èso náà: 45. Òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́ta ni wọ́n fi dí àlàfo. A da òkúta nù, àwọn ọmọ sì wá igi ayò ẹlẹ́gùn-ún rí lẹ́bàá oko kan, wọ́n já èso eérú-eérú mẹ́ta tí ó gbó dáadáa. Èèpo èso ayò le bí egungun, omi àti ọṣẹ kò lè ṣe é ní nǹkan kan. A fọ̀ wọ́n, a sá wọn síbi òjìji.

Ti ọpọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. A tẹ́ aṣọ funfun sábẹ́ rẹ̀, kí a lè rí ohun tí ó bá bọ́. Búrọ́ọ̀ṣì ọlọ́dà tuntun tí irun rẹ̀ rọ̀ ni a fi gbọn eruku, láti inú ihò síta; ìyẹ́ adìyẹ ni a fi dé ìdí ihò. Iṣẹ́ ọ̀sán kan nìyẹn. Ọ̀rá tí ó dì nínú ilé mẹ́ta ni ó fa wàhálà. A wé òwú mọ́ ẹnu igi ìgbálẹ̀, a sì fi itọ́ tutù ú díẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni, itọ́ ẹnu. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí ọ̀kan fi ń wúkọ́. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Yúróòpù ti ń fi itọ́ nu àwòrán àti ère láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn oníwádìí ilẹ̀ Portugal, Paula Romão àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, wọ́n sì fi hàn pé èròjà amylase inú itọ́, èyí tí ó ń bá wa lọ oúnjẹ, ni ó ń tú ìdọ̀tí. Wọ́n gba ẹ̀bùn apanilẹ́rìn-ín tí a ń pè ní Ig Nobel lórí rẹ̀ ní 2018. Itọ́ kì í le bí ọṣẹ, kì í sì pọ̀ débi tí igi yóò fi mu ún yó.

Ibi tí ó tó èékánná àtàǹpàkò ni a ń nù lẹ́ẹ̀kan, a ó sì fi òwú gbígbẹ nu ún lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Òwú ni kí ẹ máa wò, ẹ má wo igi. Bí òwú bá ń pọ́n bí ilẹ̀ tàbí tí ó ń rí eérú-eérú, ìdọ̀tí ni ó ń gbé. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í rí bí omi tíì, ẹ dá ọwọ́ dúró, nítorí ara ọpọ́n fúnra rẹ̀ ni ẹ ti ń nù kúrò. Ilé mẹ́ta yẹn gba ọjọ́ mẹ́rin lọ́wọ́ wa. Ọṣẹ dúdú ì bá ti parí rẹ̀ ní wákàtí kan, ṣùgbọ́n eérú inú rẹ̀ máa ń sọ ọ̀rá di ọṣẹ, ti ìdọ̀tí àti ti ọpọ́n pọ̀, yóò sì gbé méjèèjì lọ. Ọṣẹ oníyẹ̀fun àti eau de javel burú jù bẹ́ẹ̀. Epo ọkọ̀ àlòkù tí àwọn kan ń kùn sára igi nítorí ikán, ibi òpó ilé ni kí ó mọ. Ẹ rántí pé ọmọdé yóò ta ayò lórí ọpọ́n yìí, yóò sì fi ọwọ́ kan náà jẹ àkàrà.

Ìyẹ̀fun abẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Àwa tí a ń rí ìyẹ̀rosùn lórí ọpọ́n Ifá mọ irú ìyẹ̀fun tí kòkòrò ń lọ̀ láti ara igi. Ohun tí a fẹ́ mọ̀ ni bóyá kòkòrò náà ṣì wà láàyè. A gbé ọpọ́n sórí bébà dúdú fún òru mẹ́ta. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, òkìtì kéékèèké mẹ́rin wà lórí bébà náà. Ó ń jẹun nìyẹn. Àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí kò fẹ́ lo oògùn apakòkòrò a máa fi òtútù pa wọ́n, ìwọ̀n 20 nísàlẹ̀ òdo, fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán. A tọ ìyá kan tí ń ta ẹja lọ, nítorí congélateur rẹ̀. Ó bi wá bóyá a fẹ́ se ọpọ́n náà lọ́bẹ̀ ni. Ó gbà nígbẹ̀yìn. A wé ọpọ́n sínú aṣọ, a fi sachet méjì bò ó, a dì í pa kí afẹ́fẹ́ má wọlé, a sì fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì nítorí pé congélateur ọjà kì í tutù tó ti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, iná mànàmáná pẹ̀lú a sì máa ṣe bí ó ti wù ú. Nígbà tí a gbé e jáde, odindi ọjọ́ kan ni a fi dúró kí a tó tú u, kí ìrì má baà sẹ̀ sára igi. Láti ìgbà náà, bébà dúdú kò rí ìyẹ̀fun mọ́.

Orí òróró ni èmi àti bàbá àgbàlagbà kan láàárín àwọn ọ̀ta ti kọlu ara wa. Bàbá ní àdín ni àwọn baba òun fi ń pa ọpọ́n, ọpọ́n wọn kò sì bàjẹ́. Mo ní àdín kì í gbẹ, ó ń lẹ̀, ó ń gba eruku mọ́ra, ó sì ń kan. A fa á títí ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí mo délé tí mo tún un rò, mo rí i pé òtítọ́ wà lẹ́nu bàbá ju bí mo ti gbà lọ. Ọpọ́n àwọn baba rẹ̀ kì í sinmi: àdín tí wọ́n bá fi pa á lónìí, ọwọ́ àti èso yóò ti nù ún tán kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ọpọ́n tí ó sùn lórí àjà ni àdín ń sọ di ẹrẹ̀; bóyá ọ̀rá tí a fi ọjọ́ mẹ́rin nù, àdín ni í ṣe. Mo lọ bẹ bàbá ní òwúrọ̀. Ó ní òun ti gbàgbé, irọ́ ni.

Ìda oyin ni a lò. A yọ́ ọ nínú abọ́ tí a gbé lé omi gbígbóná, a gbé e jìnnà sí iná kí a tó da térébenthine díẹ̀ sí i, a sì fi aṣọ rírọ̀ pa á sí etí àti abẹ́ ọpọ́n, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. A kò pa nǹkan kan sínú àwọn ilé. Ẹ̀là orí rẹ̀ ni a wọ̀n, sẹ̀ǹtímítà mọ́kànlá, a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Káfíńtà kan ní òun yóò fi lẹ́ẹ̀mù àti ìyẹ̀fun pákó dí i. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní rárá: ní àkókò ọyẹ́ igi a súnkì, ní àkókò òjò a wú, ẹ̀là náà sì ni ibi tí ó ti ń mí. Bí ẹ bá dí i, ibòmíràn ni yóò là.

Nínú ìwé kan náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ ohun tí ìyá náà rántí sí: irú igi tí ó jẹ́, ẹni tí ó gbẹ́ ẹ, ẹni tí ó ti jókòó tì í, èdèkòyédè tí ó bẹ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀ ní ọdún tí ọmọ rẹ̀ àkọ́bí gbé ìyàwó. Wọ́n ya àwòrán rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Gbogbo wa ni a rí ọ̀pọ̀ èrò tí ó yọ̀ ní 2021 nígbà tí Faransé dá ohun 26 tí wọ́n kó ní Àgbómẹ̀ padà. Ìtẹ́ ọba àti ère ńlá wà nínú wọn. Ọpọ́n ayò ìdílé kan ní Idigny, bí ó bá fi lè bá oníṣòwò lọ, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ pé ó lọ. Nígbà tí ọkùnrin náà padà wá lẹ́ẹ̀kẹta, ìyá náà fi ìwé náà hàn án. Ó kà á, ó sì béèrè omi mu.

Abẹ́ igi ọ̀dán ni ọpọ́n náà wà báyìí ní ọ̀sán Sunday. Agbada omi kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ tí a fi ń fọ ọwọ́ kí a tó jókòó, àwọn àgbà sì kọ́kọ́ rò pé mo ń bú wọn. Ọmọbìnrin tí ó bi mí nípa Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jẹ mí ní ẹ̀ẹ̀mẹta léraléra. Nínú oṣù ọyẹ́, a tún ẹ̀là wọ̀n: mọ́kànlá ààbọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ó padà sí mọ́kànlá.

Ọpọ́n bàbá àgbà mi ṣì wà nílé wa pẹ̀lú. Àwọn kan ti gbà mí nímọ̀ràn kí n fi oògùn bó vernis náà kúrò. N kò ní fọwọ́ kan án mọ́. Àwọn ọmọ mi àti ti àbúrò mi ni ó ń ta á. Lẹ́yìn ọdún méjìdínlógún, vernis náà ti ń ṣí lọ́tùn-ún lósì, kò lẹ́wà rárá. Ṣùgbọ́n nínú ilé kẹta lápá ọ̀tún, èyí tí wọ́n fẹ́ràn láti kó odù sí, ó ti jẹ tán pátápátá, igi ibẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú.